Ta Ni Òbí Ọmọṣẹ́ Yìí?

Bremen,
Jámánì, 8 Oṣù Kejì, 1998

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú eruku ọyẹ́, ẹ kú àárò wa. Ṣé orúnkún yẹn ti rọlẹ̀? Tiwa níbí, òtútù ni ká máa wí. A ṣáà wà láàyè, a dúpẹ́.

Màámi, kí n má fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Lánàá Sátidé, gbogbo àwa ará Kpalimé tá a wà nílùú yìí kóra jọ sílé Kodzo. Ẹnì kan mú fídíò ìgbéyàwó kan dé láti ilé. À ń jẹ òkèlè akple, à ń wo fídíò, inú wa ń dùn pé a tún rí títì wa. Ni àwọn ọmọṣẹ́ aránṣọ kan bá yọ, wọ́n tò tẹ̀lé ọ̀gá wọn tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyàwó, gbogbo wọn wọ aṣọ kan náà, aláwọ̀ ewé pẹ̀lú kọ́là funfun. Ọmọ kéékèèké ni wọ́n. Màmá àgbàlagbà kan ló kẹ́yìn wọn. Òun náà wọ aṣọ ewé, ó gbé báàgì ọ̀gá dání, ó sì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyàwó Kodzo bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wo màmá yìí! Ọmọ wo ló jẹ́ kí ojú pọ́n ìyá rẹ̀ tó báyìí? Àbí kò bímọ ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti la ẹnu tèmi kí màmá náà tó yíjú sí kámẹ́rà.

Màámi, ẹ̀yin ni.

Mo gbé abọ́ akple sílẹ̀. Mo dìde, mo lọ jókòó sínú ilé ìwẹ̀ wọn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìyá mi ni. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ojú ń tì mí, mi ò sì mọ ẹni tí ojú ń tì mí fún nínú èmi àti ẹ̀yin.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ohun tí mo ń fi ránṣẹ́ ò dé ọwọ́ yín ni? Ṣé Senyo àbúrò mi ń jẹ ẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́? Àti ọ̀gá yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé Akpene ni. Akpene tí mo máa ń fà lọ́wọ́ lọ sílé ìwé, tí mo máa ń nu ikun imú rẹ̀! Ẹ tètè fèsì. Mi ò rí oorun sùn.

Èmi ọmọ yín,
Enyonam


Kpalimé,
Tógò, 27 Oṣù Kejì, 1998

Enyonam ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Orúnkún mi wà níbi tó wà, ó ní kí n kí ọ. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo rẹ́rìn-ín. Mo tún kà á, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Èmi ni mo wà nínú fídíò. Akpene náà ni. Báàgì rẹ̀ sì wúwo. Ṣé ó tó, àbí kí n fi kún un?

Ebi ò pa mí. Senyo ò jẹ nǹkan kan mọ́ mi lọ́wọ́, má ba ọmọ mi lórúkọ jẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí Senyo àbígbẹ̀yìn yín kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Lomé, mo jí lọ́jọ́ kejì, mo gbálẹ̀, mo ro akple, mo se ọbẹ̀ ilá, mo sì bu oúnjẹ sínú abọ́ mẹ́rin. Mẹ́rin, Enyonam! Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Mo jókòó ti àwọn abọ́ náà títí ọbẹ̀ fi tutù. Ẹ̀rù bà mí, kí n má parọ́. Mo ní, ṣé bí mo ṣe máa wà nìyí títí wọn ó fi gbé mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yín?

O mọ̀ pé mo kọ́ṣẹ́ aránṣọ kí n tó bí ọ. Ohun tí o ò mọ̀ ni pé mi ò parí rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, aṣọ gígé ni ọ̀gá ń kọ́ ọmọṣẹ́ kẹ́yìn. O lè ká etí aṣọ, kí o de bọ́tìnì, kí o fi abẹ́rẹ́ ya òdòdó sí ọrùn bùbá títí ojú rẹ ó fi di bàìbàì, wọn ò ní jẹ́ kí o fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ oníbàárà. Ibẹ̀ gan-an ni mo dé tí bàbá yín fi ní òun ò lè dúró mọ́, kí n máa bọ̀ nílé ọkọ. Gbogbo aṣọ ilé ìwé yín, ẹlòmíì ló gé e, èmi kàn rán an pọ̀ ni. Ó máa ń dùn mí. O ò lè mọ̀, torí mi ò sọ ọ́ rí.

Ìyá Akpene ló ń kọ́ mi nígbà yẹn. Ó ti kú, ọmọ ló jogún ìsọ̀. Mo lọ bá ọmọ náà, mo ní kó kọ́ mi ní gígé. Ó kọ́kọ́ rò pé mo ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ìyá Enyonam, ẹ má dán mi wò." Mo ní mi ò dán ẹnikẹ́ni wò. Ó wá ní bí òun bá máa gbà mí, bí òun ṣe gba àwọn tó kù lòun máa gbà mí o, torí bí òun bá yọ èmi nìkan sílẹ̀, àwọn ọmọ yẹn á gùn ún lórí. Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ ẹ. Mo ru àpótí ìjókòó mi wọlé lọ́jọ́ Ajé bíi ti ọmọṣẹ́ tuntun. Mò ń gbálẹ̀, mò ń finá sí áyọ́ọ̀nù eléèédú. "Àgbà Ọmọṣẹ́" ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀kan nínú wọn máa ń bá mi ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Bí òun náà bá pẹ́ dé, èmi ló máa ń bá a parọ́ fún ọ̀gá.

Sátidé tó ṣáájú Pẹ́ńtíkọ́sì ni wọ́n máa fún wa ní òmìnira. Akpene ní mo ti ń mọ̀ ọ́n gé. Bá mi wá jígí ojú kan tí n ó fi máa rí ojú abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn tí wọ́n bá sì tún fi mí hàn nínú fídíò, má sá wọ ilé ìwẹ̀ onílé. Dìde, kí o sọ pé, "Ìyá mi nìyẹn, ẹ wò ó bó ṣe ń rìn."

Ìyá rẹ.


Bremen,
15 Oṣù Kẹta, 1998

Màámi,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ka lẹ́tà yín, orí mi fò lọ.

Ẹ ru àpótí wọlé! Ìyá tèmi! Ṣé ẹ̀ ń kúnlẹ̀ kí Akpene láàárọ̀? Ẹ ò kọ ìyẹn síbẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé gbogbo ọmọṣẹ́ ló ń kúnlẹ̀. Mo ro ó lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́, bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá ibi tó yẹ kí n sọ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí. Àwọn arúgbó tí ọmọ wọn kì í bẹ̀ wò ni mò ń wẹ̀, àwọn ni mò ń pààrọ̀ aṣọ fún. Bí mo bá ti ń gbé wọn, mo máa ń sọ lọ́kàn pé ìyá tèmi wà nílé, ó ń jẹ, ó ń sinmi, kò gbálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń jẹ́ kí n lè ṣe iṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi báyìí. Bó bá jẹ́ pé ìránṣọ ló ń wù yín, ẹ jókòó sílé, ẹ máa rán aṣọ ojú fèrèsé. Kí ni àgbàlagbà fẹ́ fi òmìnira ṣe?

Mo ti fóònù Senyo. Mo ní kó wá láti Lomé lọ́jọ́ Sátidé, kó bá Akpene sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó sì kó ẹrù yín jáde níbẹ̀, àpótí, ẹ̀rọ, gbogbo ẹ̀. Ẹ má bínú sí mi. Ìfẹ́ ló fà á. Mo ti ra jígí ojú náà.

Èmi ọmọ yín,
Enyonam


Kpalimé,
24 Oṣù Kẹta, 1998

Enyonam,

Mo kí ọ. Lẹ́tà rẹ dé lónìí. Iṣẹ́ tí o rán ti ṣáájú rẹ̀ dé.

Aṣọ ìyàwó pásítọ̀ ló wà lórí tábìlì. Èmi ni mò ń gé e. Oníbàárà àkọ́kọ́ tí wọ́n fà lé mi lọ́wọ́ láyé mi nìyẹn. Senyo wọlé, ó kí gbogbo ilé, kò wo ojú mi. Ó ní, "Ọ̀gá Akpene, ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi." Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpótí mi. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó máa ń bá mi ti òwú bọ abẹ́rẹ́ pariwo, "Bùrọ̀dá, ẹ gbé e sílẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀!" Senyo ti tẹ ìloro kọjá.

Ṣé lóòótọ́ ni pé o ò mọ̀? Ìwọ ọmọ Kpalimé! Àpótí tí ọmọṣẹ́ bá rù wọlé, ọmọṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ gbé e jáde, ọ̀gá ò gbọ́dọ̀ gbé e jáde. Ẹbí ló ń gbé e, ọjọ́ òmìnira sì ni, tìlù torin. Bí ẹbí bá gbé e jáde láìsí orin, wọ́n ti yọ ọmọ wọn lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Gbogbo ohun tó ti kọ́ di òfo. Kò sí ọ̀gá kan nílùú yìí tó tún máa gbà á.

Akpene wá síbi tí mo wà. Ó na ọwọ́. Mi ò tètè mọ ohun tó fẹ́ gbà. Ó ní, "Ìyá Enyonam, ẹ fún mi ní sísọ́ọ̀sì." Ẹkún ló fi sọ ọ́. Ìdajì aṣọ ni mo gé dé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi. Bàbá yín gbà á nígbà àkọ́kọ́, ó ní òun fẹ́ràn mi. Ìwọ náà gbà á, o ní ìfẹ́ ló fà á. Ẹ kú ìfẹ́.

Má fi jígí ránṣẹ́ mọ́.

Ìyá rẹ.


Bremen,
8 Oṣù Kẹrin, 1998

Màámi, Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, bí obìnrin kì í tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Mi ò mọ̀. Ilé ìwé lẹ rán mi, ẹ ò fi mí síṣẹ́ ọwọ́ rí. Mo rò pé àpótí lásán ni. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíṣìnnì, àwọn ọmọ rò pé ẹnì kan kú.

Senyo ní òun ti gbé e padà lọ lọ́jọ́ kejì, pé Akpene ò gbà á, ó ní àpótí kì í ṣe ewúrẹ́ tó jẹ̀ lọ tó ń padà wálé. Mo fóònù sílé àwọn tó ní tẹlifóònù ládùúgbò. Wọ́n ní àwọn pè yín, ẹ̀yin ní ẹ̀ ń ká etí aṣọ lọ́wọ́. Aṣọ ta ni? Níbo? Ẹ bú mi, Màámi. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ èébú kún ojú ìwé mẹ́wàá, n ó kà á tán.

Enyonam yín


Bremen,
26 Oṣù Kẹrin, 1998

Màámi,

Mo kí yín. Mi ò rí èsì. Lójoojúmọ́ ni mò ń ṣí àpótí lẹ́tà, ìwé iná àti ìwé omi nìkan ló ń wá. Arúgbó kan tí mò ń tọ́jú bi mí pé ta ló ṣẹ̀ mí. Mo ní èmi ni mo ṣẹ ìyá mi. Ó ní òun náà ní ọmọ kan tó ṣẹ òun, pé òun ò kọ̀wé sí i mọ́, òun ò sì rántí ìdí rẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí mi.

Enyonam


Kpalimé,
4 Oṣù Karùn-ún, 1998

Davi Enyonam, ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Èmi Akpene ni. Ìyá yín ò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé yìí.

Davi, ìyá ò tíì fi ìsọ̀ sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí Senyo ti gbé àpótí lọ, wọ́n ń wá láràárọ̀. Wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á finá sí áyọ́ọ̀nù, wọ́n á wá lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti aṣọ, wọ́n á máa ká etí. Ìdúró ni wọ́n ń wà, Davi, àárọ̀ títí di ìgbà tá a bá ń tilẹ̀kùn. Orúnkún wọn ti wú bí igbá. Mo gbé àga tèmi fún wọn. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹni tí ẹbí rẹ̀ ti gbé àpótí rẹ̀ lọ ò níbi ìjókòó níbí." Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọṣẹ́ mi tó kù dìde dúró tì wọ́n. Ìyá gbá wọn lẹ́nu, wọ́n ní, "Ẹ jókòó jàre! Ṣé òbí yín ló wá gbé tiyín?" Mi ò lè wo ibẹ̀ mọ́.

Mo lọ bá àwọn ìyá ẹgbẹ́ aránṣọ. Wọ́n fà á síwá, wọ́n fà á sẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀nà kan ló wà. Ìyá ò ní ìyá, wọn ò ní bàbá, ọkọ wọn ti lọ. Ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé àpótí ló ti fi ara rẹ̀ ṣe òbí. Òun ni kó bẹ̀bẹ̀. Bó bá jìnnà, kó kọ ọ́, kí wọ́n kà á sókè níwájú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ òmìnira.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Òbí kì í pe ọmọṣẹ́ ní ìyá. Bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ọmọṣẹ́ lọ́jọ́ náà lẹ máa pè wọ́n: orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn, láìfi ohunkóhun kún un. Bí "Màámi" bá lè wà nínú rẹ̀, àwọn ìyá ẹgbẹ́ á ká lẹ́tà náà pa, ó parí nìyẹn. Mo mọ̀ pé ó le. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ní kí ìyá mú ìgbálẹ̀, mo lọ bì lẹ́yìnkùlé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Àbúrò yín,
Akpene


Bremen,
16 Oṣù Karùn-ún, 1998

Sí Ọ̀gá Akpene, àti sí gbogbo ìyá ẹgbẹ́ aránṣọ Kpalimé. Senyo ni kó bá mi kà á.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Ilẹ̀ kíṣìnnì ni mo ti ń kọ ọ́.

Enyonam ni mí. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé àpótí ọmọṣẹ́ yín jáde. Mi ò bèèrè, mi ò wádìí. Mo rí i nínú fídíò tó ń gbé báàgì, àwọn èèyàn ń fi rẹ́rìn-ín, ojú tì mí, mo sì sá fún un. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọjà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ bi mí pé ta ni òbí rẹ̀. Kò sí ẹlòmíì mọ́, èmi ni. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Kì í jalè. Ó máa ń pẹ́ kó tó bínú, ṣùgbọ́n bó bá bínú tán, ẹ ti rí i fúnra yín. Ó ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ tọ́jú àwọn kan tí wọn ò bi í rí pé kí lòun náà fẹ́ ṣe. Èmi ni mo ṣáájú wọn. Bó bá ti ṣẹ̀ yín nínú iṣẹ́, ẹ dárí jì í. Bó bá ba aṣọ jẹ́, èmi ni kẹ́ ẹ mú.

Mo ti ya bébà púpọ̀ lórí ìlà tó kàn yìí. Ọwọ́ mi ò gbà. Ó ń ṣe mí bíi pé mo fẹ́ lu ènìyàn.

Dzigbodi. Dzigbodi lorúkọ rẹ̀. Dzigbodi ọmọ mi ni, mo sì gbé àpótí rẹ̀ padà wá síwájú yín. Ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ fún un ní sísọ́ọ̀sì rẹ̀. Ẹ bá mi tú u sílẹ̀.

Èmi òbí ọmọṣẹ́,
Enyonam


Kpalimé,
7 Oṣù Kẹfà, 1998

Ìwọ Enyonam, aláìlójútì ọmọ,

Mo kí ọ. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn, tí mo fún lọ́mú, ló wá dúró sẹ́nu Senyo lójú gbogbo Kpalimé tó ń pe orúkọ mọ́ mi lórí! Àwọn kan di etí. Ìyá arúgbó kan níwájú ní, "Hẹ́n-ẹ̀n, ayé ti bàjẹ́."

Kí n sọ bó ṣe lọ fún ọ. Wọ́n tú gbogbo àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀ tán. Wọ́n da pọ́dà sí wọn lára, wọ́n ń kọrin, àwọn òbí ń jó. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí mo ti ń dúró. Akpene ò sọ nǹkan kan fún mi. Ìyá ẹgbẹ́ wá dìde, ó ní ó ku ọmọṣẹ́ kan, ó ní, "Ta ni òbí ọmọṣẹ́ yìí?" Mo ní kí ilẹ̀ lanu. Ni mo bá rí Senyo láàárín èrò, ó wọ kóòtù, ó ru àpótí mi sórí, bébà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ń kà á dáadáa. Ó dé ibì kan, ó dákẹ́. Mo rò pé ìkọ̀wé rẹ ni kò lè kà, torí o ò mọ̀wé kọ láti kékeré. Lẹ́yìn náà ló pè é.

Enyonam, mo wo ẹ̀yìn. Mo ń wá ẹni tí wọ́n ń pè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá mi, ẹnu kankan ò pe orúkọ yẹn mọ́. Bàbá yín ò pè é. "Ìyá Enyonam, Ìyá Enyonam," bẹ́ẹ̀ ni títí ó fi kú. Senyo tún un pè, ó ń sunkún. Akpene wá ní, "Dzigbodi dà?" Mo ní, "Èmi rèé, Ọ̀gá." Ohùn tó jáde lẹ́nu mi, mi ò gbọ́ ọ mọ́ láti ìgbà tí mo wà ní ọmọge. Wọ́n mú mi jókòó. Wọ́n da pọ́dà sí mi lórí títí mi ò fi ríran mọ́, wọ́n sì fi sísọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́.

Ìyàwó pásítọ̀ ti kó aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Kò burú.

Mo fẹ́ fi yàrá iwájú ṣe ìsọ̀. Láàárọ̀ yìí, ẹni tó ń kọ pátákó wá. Kí n tó sọ nǹkan kan, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ "Ìyá Enyonam, Aránṣọ" sójú igi, torí ohun tó mọ̀ mí sí nìyẹn. Ó kọ ọ́ gan-an, ó dára. Mo rántí ọjọ́ tí mo bí ọ.

Mo ní, "Nu ún."

Má bínú sí mi.

Dzigbodi